Páálí Ọta Méjì Bàbá Raymond

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Oṣù Kẹsàn-án 2025

Ìwé tuntun. Tamílọ́rẹ ọmọ mi ló rà ọ́, ó ní kí n máa tú inú mi sí ọ, kí n yé máa fọ ìkòkò bíi pé mo ń bá a jà.

O ò tíì mọ ará ilé mi. Jẹ́jẹ́ ni ọkọ mi, Jeremiah. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, kì í pariwo, kì í sáré, ìyẹn ni mo fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mogbọ́ntán ni àbúrò rẹ̀, Olúsọjí, tó ti ń gbé yàrá òkè lọ́dọ̀ wa ní Thamesmead, ní ìlú òyìnbó níbí, láti ọdún mẹ́ta, òun àti Lọ́lá ìyàwó rẹ̀ tó fi físà kéà, ti àwọn tó ń tọ́jú arúgbó, gbé e wá. Ogójì ọdún ni Mogbọ́ntán. Èmi jẹ́ mọ́kànléláàádọ́ta. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí mo dé ilé wọn ní Abẹ́òkúta, ìyá ọkọ mi sì ti sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì ìgbéyàwó: ẹni tí mo bá bá nílé, ọkọ mi ni. Mo fọ yunifọ́ọ̀mù ilé-ìwé rẹ̀. Mo ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n rèé, "Bọ̀dá mi" ni mo ń pè é, "Ìyàwó wa" ló ń pè mí. Orúkọ tí mo ń pè é nínú ìwé, ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n.

Ìròyìn òní: Bàbá Raymond, arúgbó òyìnbó tá a jọ wà ní kíláàbù ìbọn, ń kó lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní ìparí oṣù. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti ta ilé Plumstead. Ó ní kí n wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ká jọ to ẹrù ìbọn. Ó ní Òpéléńgé ń dúró dè mí.

Ọjọ́rú, 3 Oṣù Kẹsàn-án

Mi ò tíì sọ Òpéléńgé fún ọ. Ìbọn ọlọ́ta kan ni, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní iṣẹ́ sójà láyé ọjọ́un. Tí o bá yìn ín tán, o ní láti ki òmíràn. Ó fúyẹ́, ó rẹwà, kì í purọ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti wà ní kíláàbù tó wà lẹ́yìn ojú irin, mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ ni èmi àti Bàbá Raymond jọ fi ń nu ìbọn yìí. Arsenal, ilé iṣẹ́ ìbọn ìjọba àtijọ́, kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù, ni arúgbó náà ti kọ́ṣẹ́ irin nígbà èwe rẹ̀. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń mí kí a tó fà á. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà kíláàbù, nọ́ọ̀sì dúdú tó wọ bàtà iṣẹ́, gbogbo wọn ń wò mí bí ẹni tó ṣìnà, òun ló fi ọ̀pá ṣílẹ̀kùn.

Mo fẹ́ ìbọn yẹn. Mi ò fẹ́ nǹkan mìíràn mọ́ ní ìlú yìí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n lè máa rí i.

Ọjọ́bọ̀, 4 Oṣù Kẹsàn-án

Mogbọ́ntán ti gbọ́. Jẹ́jẹ́ ló sọ fún un. Jẹ́jẹ́ kò lè fi omi sẹ́nu kó má dà á jáde.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Kẹsàn-án

Ilé Bàbá Raymond. Ẹrù dídì níbi gbogbo. Ó jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó kù, ó ń fi ọ̀pá tọ́ka sí nǹkan.

Páálí ọta méjì ló kù, àtijọ́ méjèèjì. Ọ̀kan jẹ́ 310, ohun tí Òpéléńgé ń jẹ. Èkejì jẹ́ 300, ti ìbọn kan tó ti tà tipẹ́. Tí o bá da méjèèjì sí àtẹ́lẹwọ́, ojú lásán kò lè yà wọ́n. Idẹ kan náà, òjé kan náà lórí. 310 fi díẹ̀ sanra ju èkejì lọ, kò ju bí èékánná ṣe nípọn lọ. Ìdí wọn nìkan ló ń sọ òtítọ́ — òǹkà wẹ́wẹ́ tí wọ́n tẹ̀ sí i, mo ní láti fi gíláàsì ìkàwé wò ó.

Ọwọ́ Bàbá Raymond ti ń gbọ̀n. Ó ti da ọta wọ̀nyí sílẹ̀ nígbà kan, ó sì ti kó wọn padà sí páálí tí kì í ṣe tiwọn. Páálí tí wọ́n kọ 310 sí lára, 300 ló kún inú rẹ̀. Mo fi hàn án. Ó ní ojú òun ti kú, kí n bá òun tún un ṣe. Kí n tó ṣe é, Ikram dé, obìnrin tó ń darí ibi ìyìnbọn ní kíláàbù wa, ó wá kó gbogbo rẹ̀ lọ sí séèfù. Mo ní màá tún un ṣe níbẹ̀.

Mo bi Bàbá pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ tí èèyàn bá ki 300 sínú Òpéléńgé. Ó ní ó ń wọlé, wàhálà rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ihò ìbọn fẹ̀ jù fún un, idẹ á ya, iná á padà sẹ́yìn. Òun rí ọkùnrin kan tó ṣe é ní 1974. "Never shot again," ó ní, ó fọwọ́ kan ìpéǹpéjú ara rẹ̀.

Ọjọ́rú, 10 Oṣù Kẹsàn-án

Ó ṣẹlẹ̀.

Bàbá Raymond pè mí níbi iṣẹ́. Mogbọ́ntán lọ bá a lánàá, òun nìkan, ó ra bisikíìtì dání. Ó dọ̀bálẹ̀ fún un lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó pè é ní Daddy. Ó ní lọ́dọ̀ tiwa, ọkùnrin ilé ló ń ni ìbọn, pé ìyàwó wọn ni mí, ohun tí wọ́n bá fún mi, wọ́n ti fún ìdílé. Bàbá ní òun ti gbà fún un nìyẹn, ṣùgbọ́n òun fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mi. "Is that how your family does it, Flo?" Bó ṣe ń ké Fọlákẹ́ kúrú nìyẹn.

Mo gbé fóònù dání. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Kí ni kí n sọ? Kí n máa bá ọkọ mi jiyàn létí òyìnbó? Wọn ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mo lọ sí ilé ìyàgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì, mo sunkún, mo bọ́jú, mo padà síbi iṣẹ́. Ọmọ ọdẹ ni Mogbọ́ntán máa ń pe ara rẹ̀. Bàbá bàbá wọn ló ṣọdẹ. Bàbá tiwọn, sítáǹbù ló tà ní posófíìsì Ìbarà títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Ọjọ́ Àìkú, 14 Oṣù Kẹsàn-án

Mo sọ fún Jẹ́jẹ́ lẹ́yìn ìsìn, nínú mọ́tò. Ó ní, "Fọlákẹ́, ọmọ ìyá mi ni. Kí wá ni ìbọn? Fi í sílẹ̀ fún un jọ̀ọ́, màá ra òmíràn fún ẹ."

Mo ní ẹ ṣeun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Oṣù Kẹsàn-án

Tamílọ́rẹ lórí fóònù láti Leeds. "Mum, ó kéré sí ẹ now. Like, by eleven years. Kí ló dé tí o ń kúnlẹ̀ fún un? It's giving Stockholm, bí ẹni tí wọ́n jí gbé tó wá ń fẹ́ràn ajínigbé." Mo ní kó lọ kàwé rẹ̀. Ọmọ tó ń pe ìyá rẹ̀ ní "o", kí ló mọ̀?

Mo ronú lé e títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Oṣù Kẹsàn-án

Kíláàbù. Mogbọ́ntán ti ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ láti oṣù kẹta. Tí ọlọ́pàá bá ti fún un ní sátífíkéètì láti ní ìbọn, Òpéléńgé di tirẹ̀. Títí di ìgbà náà, séèfù ni. Ó ní kí Ikram gbé e jáde kí òun fi han àwọn èèyàn. Ó gbé páálí 310 lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń ṣàlàyé ọta fún àwọn ọkùnrin mẹ́rin tó ti ń yinbọn kí wọ́n tó bí i.

Mo ṣe ohun tó tọ́. Kọ ọ́ sílẹ̀, ìwé, mo ṣe é. Mo rìn lọ bá a, mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo ara páálí, ìdí ọta ni kí ẹ wò, nítorí Bàbá Raymond ti —"

Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. "Ìyàwó wa, relax. Ọmọ ọdẹ ni mí. O ò kúkú ní kọ́ mi ní iṣẹ́ bàbá mi. Lọ bá wa po tíì wá, ṣé o gbọ́?" Ó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mo po tíì. Mo bi olúkúlùkù iye ṣúgà tó ń mu. Mo gbé tirẹ̀ fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, mo tẹ orúnkún.

Lẹ́ẹ̀kan ni mo sọ ọ́. Mi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 Oṣù Kẹsàn-án

Nọ́ńbà Ikram wà lójú fóònù mi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mi ò pè é.

Ọjọ́ Ẹtì, 26 Oṣù Kẹsàn-án

Ọ̀la ni ọjọ́ àlejò ní kíláàbù, ọjọ́ tí olúkúlùkù ń mú ẹbí rẹ̀ wá. Ikram ti gbà kí Mogbọ́ntán yin Òpéléńgé fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ti gé irun. Ó ti ra fìlà aláwọ̀ ewé. Ó ti sọ fún gbogbo àwọn ará Abẹ́òkúta lórí WhatsApp kí wọ́n máa retí fọ́tò.

Mò ń sọ fún ara mi pé èéfín lásán ni. Ojú rẹ̀ á dúdú, eyín rẹ̀ á hàn, wọn á fi ṣe yẹ̀yẹ́ dọdún. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ ohun tí idẹ gbígbóná ń ṣe sí ẹran ojú. Kí n má purọ́ fún ọ. Mo ti rò ó débẹ̀. Mo ti rí i tó ń táràrà ní pálọ̀ wa, tó ń fọwọ́ wá ìlẹ̀kùn, tó ń ní "Ìyàwó wa, níbo lo wà?" Mo sì ti rí ara mi tí mò ń dákẹ́, tí mi ò dá a lóhùn. Lẹ́yìn rẹ̀, mo sun oorun tó dùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 Oṣù Kẹsàn-án

Ọlọ́run.

Ọjọ́ Ajé, 29 Oṣù Kẹsàn-án

Màá kọ ọ́ bó ṣe lọ.

Jẹ́jẹ́ dé ibẹ̀ tààrà láti ibi iṣẹ́, aṣọ awakọ̀ lọ́rùn, ó ti bẹ ẹnì kan kó gba iṣẹ́ ọ̀sán rẹ̀ nítorí àbúrò rẹ̀. Ikram ń to àwọn àlejò, ó ń fún wọn ní gíláàsì ààbò. Mogbọ́ntán ṣí páálí, ó ka 310 sókè kí gbogbo ayé gbọ́. Ikram wo páálí, ó mi orí pé ó dára. Mogbọ́ntán yọ ọta kan sórí tábìlì, ó sáré lọ wá ẹni tó máa ya fọ́tò.

Mo dúró nídìí tábìlì. Mo mú ọta náà. Mo yí ìdí rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀. 300. Mo gbé e padà síbi tí mo ti mú un, mo tún un tò kó dúró dáadáa.

Ó padà dé, ó jókòó, ó ki í, ó ti ìbọn. Fìlà lórí. Fóònù ti wà lókè. Ó wá gbé ìbọn kalẹ̀ sórí àpò yẹ̀pẹ̀, ó dìde kúrò nídìí rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá. Mi ò lè kọ́kọ́ yìn ín níṣojú yín. Ẹ̀yin lẹ ṣíwájú mi wá sáyé."

Mo ti gbàgbé. Mo fi Ọlọ́run búra, mo ti gbàgbé. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń kúnlẹ̀ fún un, ó ti di àgbà lójú mi débi pé mi ò rántí pé ọmọdé ni fún ẹlòmíràn. Àgbà ló ń kọ́kọ́ bu oúnjẹ. Ọmọ ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Mogbọ́ntán tó jẹ́ ọ̀yájú sí mi, ọmọlúàbí ni sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Jẹ́jẹ́ ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀, wọ́n ní rárá. Ó jókòó. Ó gbé gíláàsì ààbò kúrò lójú sí iwájú orí. Ikram ń bá ọmọbìnrin kan so tirẹ̀ nígbà náà, kò rí i. Mo ní àyè. Bóyá mímí márùn-ún. Mo lè pariwo. Ṣùgbọ́n tí mo bá pariwo, wọ́n á bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀. Ohun tí mò ń rò lọ́wọ́ nìyẹn nígbà tó fà á.

Kò ké. Ó pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí nọ́ọ̀sì ṣe. Mogbọ́ntán ló ń ké. Wọ́n ní wọ́n gbọ́ igbe rẹ̀ dé ibùdókọ̀.

Ọjọ́rú, 1 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n ti yọ ojú ọ̀tún. Òsì wú, ṣùgbọ́n wọ́n ní á padà díẹ̀díẹ̀. Kò ní wa bọ́ọ̀sì mọ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ló wà á, kò fọ́ dígí kan rí.

Ọjọ́bọ̀, 2 Oṣù Kẹwàá

Ọlọ́pàá méjì. Wọ́n mọ èèyàn bá sọ̀rọ̀. Mogbọ́ntán ti sọ fún wọn pé òun ló mú ọta, òun ló ki í, kí wọ́n má bi ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n bi mí bóyá mo fọwọ́ kan ọta náà. Mo ní rárá. Wọ́n wọlé lọ bá Jẹ́jẹ́ níbi tó sùn sí, wọ́n ní kí n dúró sí ìta.

Ọjọ́ Àìkú, 5 Oṣù Kẹwàá

Ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ìyá yí mi ká. Ọ̀kan di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Ṣebí ó gba nǹkan rẹ ni? Ọlọ́run ò kúkú sùn." Mo ní hmm. Òmíràn ní ìyàwó tó bọlá fún ẹbí ọkọ tó bẹ́ẹ̀, kò sí mọ́ láyé òde òní. Mo ní àmín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Oṣù Kẹwàá

Mogbọ́ntán àti Lọ́lá kó lọ lónìí. Wọ́n rí yàrá kan ní ẹ̀gbẹ́ Plumstead High Street. Kíláàbù ti lé Mogbọ́ntán, ọlọ́pàá ti ní kò ní rí sátífíkéètì gbà. Àwọn ará Abẹ́òkúta ń bú u lórí WhatsApp kan náà. Ìyá ọkọ mi ní òun kò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀.

Kó tó lọ, ó bá mi ní kíṣìnì. Ó nà gbalaja sílẹ̀. "Auntie mi, ẹ dárí jì mí. Ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò gbọ́. Èmi ni mo fọ́ ojú ẹ̀gbọ́n mi."

Auntie mi. Ẹ. Ìgbà àkọ́kọ́.

Mi ò gbé e dìde kíá. Táìlì kíṣìnì tutù ní Oṣù Kẹwàá, mo mọ̀. Mo pa gáàsì, mo nu ọwọ́ mi, mo wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Ó dùn mọ́ mi. Inú mi bàjẹ́, ojú sì ń tì mí, ó sì dùn mọ́ mi. Mo wá ní kó dìde, mo ní Ọlọ́run ló ń dárí jini.

Ọjọ́bọ̀, 16 Oṣù Kẹwàá

Ikram pè. Bàbá Raymond ti kọ̀wé láti ilé ìtọ́jú: nígbà tí ọlọ́pàá bá dá Òpéléńgé padà, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n fún Flo. Ó ní ó yẹ kí òun ti fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 20 Oṣù Kẹwàá

Jẹ́jẹ́ ti dé láti ọsibítù. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó ń jẹun. Ó ń dúpẹ́ oúnjẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, 24 Oṣù Kẹwàá

Ó jókòó nídìí fèrèsé láti àárọ̀, ó ń gbọ́ bọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń kọjá, ó ń sọ èyí tí ìjánu rẹ̀ kò dára mọ́. Mo jókòó tì í. Mo ní mo ti ronú, mi ò ní gba ìbọn náà, kí wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́. Mò ń retí kó ní mo ṣeun.

Ó ní òun rí mi.

Ohùn rẹ̀ kò yí padà. Ó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa ọta, èmi ni òun ń wò. Òun rí i tí mo mú un, tí mo yí i sí ìmọ́lẹ̀, tí mo gbé e padà. Ó ní, "Ẹ̀rù ìbọn ti ń bà mí láti kékeré, o ò mọ̀. Mo kàn sọ fún ara mi pé, tí Fọlákẹ́ bá ti wò ó, ó ti dáa." Ó ní ìdí rẹ̀ nìyẹn tí òun fi gbé gíláàsì ààbò sórí.



Ó ní ọlọ́pàá bi òun bóyá mo fọwọ́ kan ọta, òun ní rárá. Òun jẹ́ kí Sọjí ru ú, ọmọ ìyá òun, nítorí pé èmi ni ìyá Tamílọ́rẹ. Ó ní òun kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, òun kò sì ní tún un sọ fún èmi náà mọ́.

Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, agogo mẹ́rin ti lù, àsìkò oògùn ti tó.

Ìgò méjì ló wà lórí tábìlì, ìdérí funfun ni méjèèjì. Ọ̀kan wà fún ojú òsì tó kù, èkejì wà fún fífọ ihò ọ̀tún. Mo mú ọ̀kan. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti ń kán oògùn sójú ẹni ẹlẹ́ni ní ìlú yìí. Ó gbé orí sẹ́yìn bó ṣe máa ń ṣe. Kí n tó kan ìpéǹpéjú rẹ̀, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, jẹ́jẹ́.

Ó ní, "Kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò yẹn sókè, kí n gbọ́."

Mo kà á.

Ó ní kí n tún un kà.